Ojú Kọ́ Là Ń Fi Se Ẹ̀wà

“Ìyá Bọ́lá, ṣé mo ní kí ẹ má yẹ̀ ẹ́ wò ni?”

Ìyá ẹlẹ́wà kan ló sọ gbólóhùn yìí sí àbúrò mi obìnrin nínú ọjà Bódìjà, n’Ìbàdàn. Láti ìgbà náà ni kò ti kúrò létí mi. Ká ní ó pariwo mọ́ ọn ni, ká ní ó fi èébú kún un, ǹ bá ti gbàgbé. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́, ohùn ìkíni. Ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún wà nínú àpò ẹ̀wà, ó ń bù ú sókè, ó sì ń jẹ́ kó máa ṣàn padà láàárín ìka rẹ̀. Èmi tí mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan ń wá èsì tí àbúrò mi yóò fọ̀, n kò rí. Lóòótọ́ ni kò ní kó má yẹ̀ ẹ́ wò.

Alásè ni àbúrò mi. Wọ́n gbé iṣẹ́ ẹ̀wà àgànyìn fún un fún ìṣílé kan, ẹni tó bá sì mọ ẹ̀wà àgànyìn mọ̀ pé bí kò bá rọ̀ débi tí ẹ̀yìn ṣíbí yóò fi tẹ̀ ẹ́ fọ́, kí wọ́n tó da ọbẹ̀ ata dúdú yẹn lé e, kò tíì di àgànyìn. Ó lọ bá ẹni tó ti ń ra ẹ̀wà lọ́wọ́ rẹ̀ ọjọ́ ti pẹ́. Ó ní olóyin lòun ń fẹ́, tuntun, èyí tí yóò tètè jinná, pé òde lòun fẹ́ fi sè. Ìyá ẹlẹ́wà tú ẹnu àpò. Àbúrò mi ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá, ó bù ú láti ìsàlẹ̀, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó sọ ọ̀kan sẹ́nu, ó gé e. Kò sí kòkòrò, kò sí òkúta, ara rẹ̀ ń dán. Wọ́n ná an, ó sanwó, ìyá ẹlẹ́wà bu èènì lé e, aláàárù gbé e. Nígbà tó di òru mọ́júmọ́ ọjọ́ ìnáwó, wọ́n gbé ààbọ̀ rẹ̀ kaná. Omi gbẹ, wọ́n bu òmíràn. Wọ́n fi kàǹún sí i. Ilẹ̀ mọ́, oòrùn là, ẹ̀wà ń yí kiri nínú omi híhó bí ìlẹ̀kẹ̀. Ìrẹsì tí àbúrò mi sáré fi owó ara rẹ̀ rà ni àwọn àlejò jẹ.

Ìdí nìyẹn tá a fi gbé ààbọ̀ àpò tó kù padà lọ sí Bódìjà, tí ìyá ẹlẹ́wà sì fi béèrè ìbéèrè rẹ̀. Àbúrò mi dákẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn. “Mo yẹ̀ ẹ́ wò,” ó ní. “Ojú kọ́ là ń fi se ẹ̀wà.” Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mo rí i pé ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin méjèèjì yìí kò ṣeé fi rẹ́rìn-ín lásán. Ta ni ó yẹ kó ru ẹrù ohun tí ojú kò lè rí?

Ní ọdún 1893, àwọn aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin kan lórí ọjà títà. Mackenzie Chalmers ló bá wọn kọ ọ́ sílẹ̀. Kì í ṣe pé ó dá a rò, ńṣe ló ṣa ohun tí àwọn adájọ́ ti ń sọ bọ̀ jọ. Àwọn òfin gbogbogbòò tó wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900 ni ìjọba amúnisìn gbé kà wá lórí, èyí sì wà lára wọn. Nígbà tó di 1959, Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà tún un kọ sínú ìwé òfin tirẹ̀. Àwọn tó ni ín gan-an ti pa á tì. Wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ ní 1979, wọ́n sì ya ti oníbàárà lásán sọ́tọ̀ ní 2015. Níhìn-ín, ọ̀rọ̀ Chalmers ṣì wà lẹ́nu àwọn lọ́yà wa.

Nígbà tí mo kà á, ó yà mí lẹ́nu bí òfin náà ṣe gbọ́ tẹnu ìyá ẹlẹ́wà, tó sì gbọ́ ti àbúrò mi. Ẹ̀yìn ìyá ẹlẹ́wà ló kọ́kọ́ wà: ẹni tó ń rajà ni kó la ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n abala 14 bẹ̀rẹ̀ sí í tú u díẹ̀díẹ̀. Bí ẹni tó ń rà bá jẹ́ kí ẹni tó ń tà mọ ohun tó fẹ́ fi ọjà ṣe, tó hàn pé ìmọ̀ olùtajà ló gbára lé, tó sì jẹ́ pé irú ọjà bẹ́ẹ̀ ni olùtajà máa ń tà, dandan ni kí ọjà náà wúlò fún iṣẹ́ tí wọ́n dárúkọ. Bí oníbàárà bá ti yẹ̀ ẹ́ wò, kò tún lè wá pariwo àbùkù tí irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ì bá ti fi hàn án. Kòkòrò, òkúta, ìdọ̀tí, ìwọ lo ò rí i. Èyí tí àyẹ̀wò kò lè fi hàn ńkọ́? Ti ẹni tó tà á ni. Àfi bíi pé Chalmers wà níbẹ̀ nígbà tí àbúrò mi ń dáhùn.

Òfin náà kò tilẹ̀ bìkítà bóyá olùtajà mọ̀ tàbí kò mọ̀. Ní 1905, wọ́n dá ẹjọ́ ọkùnrin kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ìyàwó rẹ̀ kó ibà táífọ́ọ̀dù nínú mílíìkì tí wọ́n ń rà, tí obìnrin náà sì kú. Iléeṣẹ́ tó ta mílíìkì náà ní àwọn ti ṣe gbogbo ohun tó yẹ, pé kò sí bí àwọn ṣe lè rí kòkòrò àrùn yẹn. Wọ́n dá wọn lẹ́bi síbẹ̀. Inú mi dùn sí ìdájọ́ yẹn fún bí ìṣẹ́jú mélòó kan. Lẹ́yìn náà ni mo rántí ohun tí mo gbọ́ lẹ́yìn ìsọ̀ ìyá ẹgbẹ́.

Nítorí pé ọ̀dọ̀ ìyá ẹgbẹ́ ẹlẹ́wà ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ. Màmá àgbà kan ni, wọ́n jókòó sórí àpótí láàárín àwọn àpò tó ga ju orí wọn lọ. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí Màmá béèrè kò kan ẹ̀wà rárá. “Láti ìgbà wo lẹ̀yin méjèèjì ti ń bá ara yín ṣòwò?” Ìgbà tí wọ́n dáhùn ìyẹn tán ni Màmá tó ní kí wọ́n bu ẹ̀wà náà wá. Wọ́n da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n fi èékánná họ èèpo ọ̀kan, wọ́n wò ó lójú oòrùn. “Ẹ̀wà èṣín ni.” Ìyá ẹlẹ́wà búra pé òun kò mọ̀. Ó ní àwọn tó kó o wá láti Òkè Ọya ló sọ fún òun pé tuntun ni. Nígbà tóun sì pè wọ́n lórí fóònù pé ẹ̀wà kò jinná, wọ́n bi òun pé ṣé àwọn ní kóun má yẹ̀ ẹ́ wò ni.

Kò fi ṣe àwáwí. Ńṣe ló kàn sọ ọ́. Gbólóhùn tó fi dá àbúrò mi lóhùn kì í ṣe tirẹ̀ rárá, wọ́n ti kọ́kọ́ fi dá òun náà lóhùn ni. Ta ló sì mọ ẹni tó fi dá àwọn ọlọ́kọ̀ lóhùn kí wọ́n tó kúrò lọ́hùn-ún?

Màmá ní kí ìyá ẹlẹ́wà gba ààbọ̀ àpò yẹn padà, kó fi tuntun rọ́pò rẹ̀, kó sì bu kóńgò díẹ̀ lé e. Èyí tí wọ́n ti gbé kaná, kí àbúrò mi gbà pé ó ti lọ. Ti owó ìrẹsì, Màmá kò tilẹ̀ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. “Ẹ kí ara yín.” Wọ́n kí ara wọn.

Inú bí mi. Mo ní kí ló dé tí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ yóò fi pín nínú àdánù. Mo bi ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ lọ́yà. Ó ní ọ̀ràn náà kò fi bẹ́ẹ̀ le: níwọ̀n ìgbà tó ti gbé ààbọ̀ rẹ̀ kaná, wọ́n lè ní ó ti tẹ́wọ́ gba ọjà, pé kò lè dá a padà mọ́, ṣùgbọ́n owó ìtánràn ṣì wà fún un, owó ìrẹsì náà sì lè wà lára rẹ̀. Ó wá sọ ìtàn ọlọ kan fún mi, ọlọ àwọn ará Gloucester, tí irin tó ń yí i kán. Àwọn tí wọ́n gbé irin náà fún láti fi ránṣẹ́ fi falẹ̀, ọlọ dúró, èrè ń lọ. Ní 1854, ilé-ẹjọ́ ní àdánù tí ẹni tó da àdéhùn yóò san ni èyí tó máa ń tinú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wá fúnra rẹ̀, tàbí èyí tó ti wà lọ́kàn àwọn méjèèjì nígbà tí wọ́n ń ṣàdéhùn. Àwọn ọlọ́lọ pàdánù nítorí pé àwọn tó gbé ẹrù kò lè mọ̀ pé ọlọ kò ní irin mìíràn. “Àbúrò rẹ sọ tirẹ̀,” lọ́yà ní. “Ó ní òde lòun fẹ́ fi sè. Ẹnu rẹ̀ ló fi gba ara rẹ̀ là.”

Mo gbé ìròyìn ayọ̀ yìí lọ bá àbúrò mi. Ó ń bó ẹ̀wà fún mọ́ínmọ́ín, ẹ̀wà tí wọ́n fi rọ́pò, kò tilẹ̀ gbójú sókè. “Ẹ̀gbọ́n mi, bí mo bá gbé e lọ sí kóòtù, ta ni yóò tà mí lẹ́wà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀?” A kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́, mo mọ òwe náà látọjọ́ tí mo ti wà lọ́mọdé, n kò sì rò ó rí gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ òwò. Iye tí ìrẹsì jẹ àbúrò mi kò kéré. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tà á láwìn nígbà tí owó kò sí, tó ń fi àpò tó dára pamọ́ dè é nígbà tí ẹ̀wà wọ́n, tó ń pè é lórí fóònù pé ọkọ̀ ti dé, kò sí adájọ́ tó lè fi ìyẹn sínú owó ìtánràn fún un. Màmá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ tí àwọn méjèèjì ti ń bára wọn bọ̀.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ èènì. Ẹni tó bá gbé òfin 1893 ka orí tábìlì, tó wá lọ dúró ní ọjà wa, orí rẹ̀ yóò dàrú. Àwọn adájọ́ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà kò fẹ́ kó lé, wọn kò fẹ́ kó dín. Ní 1921, wọ́n gbọ́ ẹjọ́ àwọn èso inú agolo tó ti Australia wá. Àdéhùn ni pé kí agolo 30 wà nínú páálí kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ẹrù dé, nǹkan bí ìdajì páálí ló ní agolo 24. Iye agolo pé pérépéré. Kò sí ẹyọ kan tó bàjẹ́. Síbẹ̀ wọ́n ní olùrajà lè kọ gbogbo rẹ̀. Ní 1933, ó kan pákó tí wọ́n fẹ́ fi ṣe àgbá sìmẹ́ǹtì, tí wọ́n ní kó nípọn tó ìdajì íǹṣì. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ báyìí, ó sì ṣeé lò fún àgbá náà láìsí wàhálà. Owó pákó ló ti wálẹ̀ lọ́jà, ni àwọn tó rà á bá ń wá ọ̀nà àtisá. Àwọn adájọ́ àgbà rí i bẹ́ẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n sá: ohun tí àdéhùn bá wí ni yóò jẹ́. Abala 30 tilẹ̀ ní bí olùtajà bá kó ohun tó pọ̀ ju iye tí wọ́n fẹnu kò sí wá, olùrajà lè kọ gbogbo rẹ̀. Ẹnì kan dán an wò. Ní 1912, wọ́n kó àlìkámà tó yẹ kó má ju tọ́ọ̀nù 4,950 lọ wá, ó fi ìwọ̀n pọ́ùn 55 lé, wọn kò sì gba kọ́bọ̀ lórí èyí tó lé. Àwọn olùrajà ní àwọn kò gbà á mọ́. Adájọ́ kan ṣàánú ọgbọ́n, ó ní ọ̀rọ̀ yẹn ti kéré jù. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé ẹjọ́ yìí fún àbúrò mi. Ó bi mí pé èènì ni wọ́n torí rẹ̀ lọ sí kóòtù?

Ó rọrùn láti dúró síbẹ̀, kí n ní ọjà wa gbọ́n ju ilé-ẹjọ́ wọn lọ. Ọkàn mi kò gbà á, ohun tí mo rí ní ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ni kò jẹ́. Nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, ọkùnrin kan nínú bọ́ọ̀sì wa ra apẹ̀rẹ̀ tòmátò kékeré kan láti ojú fèrèsé. Àwọn tó wà lókè pọ́n dòò, wọ́n tóbi. Ó na owó, ó gba apẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ ṣí. Nígbà tó tú u wò, ìdajì apẹ̀rẹ̀ ni ewé, lábẹ́ ewé ni àwọn tó ti rà tí omi ń ro lára wọn. Ó yọjú síta, ó ń pariwo, ọmọ tó tà á ti lọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀ mìíràn. Àwọn èrò bọ́ọ̀sì kò bá a kẹ́dùn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, obìnrin kan sì sọ ọ́ fún un, ọ̀rọ̀ kan náà: ta ló ní kó má dà á sílẹ̀ wò?

Kò sí ìyá ẹgbẹ́ kankan fún ọkùnrin yẹn. Bí ó bá tilẹ̀ wà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí yóò béèrè ló máa dá a lẹ́bi. Láti ìgbà wo lẹ ti ń bá ara yín ṣòwò? Láti ìgbà tí ọkọ̀ dúró. Ìdájọ́ tí Màmá dá dára fún ẹni tí wọ́n mọ ilé rẹ̀, tí wọ́n mọ orúkọ ọmọ rẹ̀, tí wọ́n ń retí rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àlejò kò ní nǹkan kan tó lè mú kúrò lọ́wọ́ olùtajà bí ó bá bínú lọ. Òfin tó ní ìdajì íǹṣì jẹ́ ìdajì íǹṣì, àwọn àlejò ni wọ́n ṣe é fún: ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń ra èso lọ́wọ́ ẹni tó wà ní Australia, tí wọn kò ní í rí ojú ara wọn láéláé. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Àwọn tó pa òwe yìí mọ̀ pé ojú àti ìfojúsọ́nà kò gba gbogbo èèyàn là, àní lójú ọjà àtijọ́.

Àwa náà ti wá di àlejò fún ara wa báyìí. Àwòrán aṣọ ni à ń rà lórí fóònù, a ó fi owó ránṣẹ́, ohun tó bá dé ni a ó fi bora. Àbúrò mi fẹ́ ra ìkòkò ńlá kan lórí WhatsApp lọ́dọ̀ ẹnì kan tó wà l’Ékòó. Lẹ́yìn tó bi í nípa iye owó, ó bi í pé, “Ta ni ìyálọ́jà yín?” Ẹ̀rín ni ẹni náà fi dá a lóhùn. Mo rí i pé kì í ṣe àwàdà lẹ́nu àbúrò mi. Ó ń wá ẹni tí yóò gbé ọ̀rọ̀ lọ bá.

Òfin wà o. Ti ìjọba àpapọ̀, èyí tí wọ́n ṣe ní 2018 láti gbèjà oníbàárà, fún un láyè láti dá ọjà padà kó sì gba owó rẹ̀ pé, bó bá ti sọ ohun tó fẹ́ fi ọjà náà ṣe, tó sì rí i láàárín àkókò tó mọ́gbọ́n dání pé kò wúlò fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjà tí kò láǹfààní láti yẹ̀ wò kí wọ́n tó gbé e dé, bí kò bá bá àdéhùn mu. Lọ́dún yẹn kan náà ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá kóòtù sílẹ̀ fún gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù náírà márùn-ún lọ, kí ọ̀rọ̀ má baà pẹ́ nílẹ̀. Síbẹ̀, ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù èyíkéyìí, ẹ ó rí i lára ògiri àti ní ìsàlẹ̀ rìsíìtì pé ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà-gadagba. Ìwé ògiri yẹn ni àwọn èèyàn gbà pé ó jẹ́ òfin, wọn kò sì gbọ́ nípa òmíràn.

Mo rò pé ohun tó ń yọ wá lẹ́nu nìyí: àlejò là ń bá ra ọjà, ìgbẹ́kẹ̀lé ojúlùmọ̀ là ń kó lé wọn lọ́wọ́. Tí a bá wá bá ojúlùmọ̀ rà, à ń fẹ́ kó fọwọ́ sí ìwé.

Èmi ni mo gba àbúrò mi nímọ̀ràn pé kó máa kọ ọ́ sílẹ̀. Kó máa kọ orúkọ ọjà, bó ṣe fẹ́ kó rí, ohun tó fẹ́ fi ṣe, kí olùtajà fọwọ́ sí i. Ó dán an wò níbi tó ti ń ra epo pupa, ní ọjà mìíràn tí kì í ṣe Bódìjà. Ó kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rìsíìtì: epo tuntun, tí kò lábùlà, fún ọbẹ̀ òde. Ìyá elépo kà á, ó tún un kà, ó ní ṣé ó ti tó báyìí láàárín àwọn ni. Ó fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í rọ epo sínú kẹ́ẹ̀gì. Ó rọ ọ́ dé ojú ìlà, ó gbé àrọ kúrò, ó nu ẹnu kẹ́ẹ̀gì, ó dé e. Àbúrò mi dúró fún èènì rẹ̀. Ìyá elépo ní ìwé náà kò dárúkọ èènì.

Epo náà dára, kò lábùlà rárá. Àbúrò mi kò padà síbẹ̀ mọ́.